Òfin eré RPG wo ló bá campaign ìṣèlú Ọ̀yọ́-Ilé mu?

ỌmọTákíé (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwa márùn-ún la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ campaign RPG tuntun (ìtàn gígùn tí eléré kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe ẹ̀dá-ìtàn kan, tí dáìsì sì ń sọ ibi tí nǹkan já sí) ní Under G: GM kan, ìyẹn ẹni tó ń darí ìtàn, àti eléré mẹ́rin. D&D 5e (Dungeons and Dragons, ẹ̀dà karùn-ún) nìkan ni gbogbo wa mọ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́-Ilé la fẹ́ gbé ìtàn yìí kà, láyé Baṣọ̀run Gáà, kí Aláàfin Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Ìlàrí ààfin, ìránṣẹ́ Aláàfin, ló pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀dá-ìtàn wa, ọ̀kan sì lè jẹ́ Àrẹ̀mọ, àkọ́bí ọmọkùnrin Aláàfin. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n tú àṣírí, kí wọ́n pa òmíràn mọ́, kí wọ́n sì máa wá ojúure àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méjèèje, ìgbìmọ̀ ìjòyè ńlá. Ìjà á wà, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìpàdé méjì sí mẹ́ta ni.

Wákàtí méjì àtààbọ̀ la ní ní alẹ́ Sátidé. Dáìsì lúdò nìkan la rí rà nítòsí, owó ìwé ò sì sí. Ṣé ká máa lo 5e lọ, ká kàn yí orúkọ nǹkan padà, àbí ká wá òfin mìíràn?

Àkànní_Àkẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

Ẹ kú ìmúra. Bẹ́ ẹ bá kàn yí orúkọ padà, 5e á máa fà yín padà sójú ìjà. Ohun tí òfin bá ń san èrè fún ni eléré máa ń lé. Nínú 5e, ẹni tó bá ṣẹ́gun ọ̀tá ló ń gba XP (máàkì tó ń gbé ẹ̀dá-ìtàn sókè ní level, ìyẹn ipele), ìjà ló sì pọ̀ jù nínú agbára tí ẹ̀dá-ìtàn ń rí gbà láti level 1 dé 20. Ìwé GM ti 2014 ṣírò ọjọ́ kan pẹ̀lú ìkọlù 6 sí 8 kí ìsinmi gígùn tó dé. Níbi tí ìjà kan ṣoṣo bá ti ń wáyé lọ́jọ́ kan, wizard (oníidán) á ju gbogbo idán rẹ̀ sínú ìjà yẹn, á sùn, gbogbo rẹ̀ á sì padà. Warlock (oníidán mìíràn) àti fighter (jagunjagun), tí wọ́n gbójú lé ìsinmi kúkúrú, kò ní rí ibi tí wọ́n ti máa tàn.

Èyí tó burú jù ni àwọn idán tó ń ba àṣírí jẹ́. Láti level 3 ni eléré ti lè ní Detect Thoughts (idán tó ń ka ọkàn ẹni) tàbí Zone of Truth (èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn lè purọ́). Tó bá dé level 5, Speak with Dead (bíbá òkú sọ̀rọ̀) ti wà ńlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé "ta ló ń parọ́?" ni òpó ìtàn yín, òpó yẹn kò ní pẹ́ wó. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀: d20 (dáìsì olójú 20) kan pẹ̀lú +5, DC (iye tó yẹ kó pé) 15, ìyẹn 55 nínú 100 láti borí. Gbogbo àríyànjiyàn Ọ̀yọ́ Mèsì wá di dáìsì ẹyọ kan.

Bí 5e lẹ bá ṣì fẹ́, ẹ yọ àwọn idán yẹn kúrò, kí ẹ sì lo òfin ìsinmi kejì tó wà nínú ìwé GM: ìsinmi kúkúrú di wákàtí 8, ìsinmi gígùn di ọjọ́ 7.

Èmi á mú Blades in the Dark, ti John Harper, 2017. Òfin rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dáìsì lúdò sì tó o. Iye dáìsì tí ìmọ̀ọ́ṣe ẹ̀dá-ìtàn bá jẹ́ lẹ ó dà, èyí tó ga jù lẹ ó kà. Bó bá jẹ́ 6, ó ṣe é. Bó bá jẹ́ 4 tàbí 5, ó ṣe é ṣùgbọ́n ó ná an ní nǹkan. Bó bá jẹ́ 1 sí 3, wàhálà dé. Pẹ̀lú dáìsì méjì, 6 ń jáde ní bíi 31 nínú 100, 4 tàbí 5 ní 44, 1 sí 3 ní 25. Ìdá tó pọ̀ jù, "ó ṣe é ṣùgbọ́n" ni, ohun tí ìṣèlú ààfin sì nílò gan-an nìyẹn: Sàmù, ọ̀kan nínú Ọ̀yọ́ Mèsì, gbà láti ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ Gáà ti rí yín lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Aago rẹ̀ ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ẹ ya òbìrí kan sórí páálí, ẹ pín in sọ́nà 8, ẹ kọ "Gáà gbé igbá òfìfo fún Aláàfin" (àmì pé kí Aláàfin kú) sí i, ẹ gbé e síbi tí gbogbo ojú á ti rí i. Lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ẹ kun ọ̀nà 1 tàbí 2; bó bá kún, ohun tí ẹ kọ sí i ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ ya òmíràn tó ní ọ̀nà 6: "Sàmù yà lẹ́yìn Gáà". Iṣẹ́ tí àwọn eléré bá ṣe láṣeyọrí ń kun 2. Bí ọwọ́ wọn bá kúrú nínú ọ̀rọ̀ náà, 1. Bí wọ́n bá mú ohun tó ká Sàmù lára wá, 3. Ìjòyè kọ̀ọ̀kan náà ní nọ́ńbà, láti -3 dé +3, tó ń sọ bó ṣe rí sí àwọn ìlàrí yín.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́: GM á ya aago mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni kò ní wò ó mọ́. Mẹ́ta tó, mẹ́rin ti pọ̀. Ìkejì, àwọn tó ti ń ṣe 5e tipẹ́ máa ń jókòó pète fún odidi wákàtí kan. Òfin yìí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá kan adènà, ìlàrí kan lè sọ pé òun ti fún un ní owó ẹyọ lánàá. Flashback (ìpadà sẹ́yìn nínú ìtàn) nìyẹn, kò ju Stress (àárẹ̀ ẹ̀dá-ìtàn) 0 sí 2 lọ nínú 9 tó ní, àyàfi bí àlàyé rẹ̀ bá le gan-an.

Abẹ́ní_Ìlúpéjú

Ohun tí ẹ̀gbọ́n Àkànní sọ nípa 5e, bẹ́ẹ̀ ni. Lórí Blades ni mo ti fẹ́ yà díẹ̀. Àwọn olè tó ń lọ ṣe iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún: ẹ ṣe iṣẹ́, ẹ padà wálé, ẹ sinmi, ẹ tún lọ. Bí àwọn ìlàrí yín bá ń jẹ́ iṣẹ́ Aláàfin ní gbogbo ìpàdé, ó dáa. Bó bá jẹ́ pé ìjókòó ìgbìmọ̀ àti ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ ló pọ̀ jù, ìdajì òfin náà á dùbúlẹ̀ ni.

Ẹ wo Fate Accelerated, ọ̀fẹ́ lòun náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dáìsì mẹ́rin ló ń lò, ẹ sì lè fi ti lúdò ṣe é: 1 àti 2 jẹ́ -1, 3 àti 4 jẹ́ òfo, 5 àti 6 jẹ́ +1. Nínú 100, bíi 63 ló ń bọ́ sáàárín -1 àti +1, torí náà ìwà àti ìmọ̀ ẹ̀dá-ìtàn ló ń borí, oríire kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ọ̀nà kan náà tí wọ́n fi ń ja ìjà idà ni wọ́n fi ń ja ìjà ẹnu: ọ̀rọ̀ ń ṣeni léṣe, àpótí Stress mẹ́ta ń kún, lẹ́yìn náà ọgbẹ́ tó ní orúkọ: "Ojú tì í níwájú ìgbìmọ̀". Ìyẹn dáa ju dáìsì Persuasion (ìyínilọ́kàn-padà nínú 5e) kan ṣoṣo lọ fíìfíì.

Aspect, gbólóhùn kan tó ń sọ irú ẹni tí ẹ̀dá-ìtàn jẹ́, ni ọkàn rẹ̀. Fún Àrẹ̀mọ: "Bí bàbá mi bá wàjà, èmi náà bá a lọ ni." Bó ṣe rí nígbà náà nìyẹn, Aláàfin Àtìbà ló fòpin sí i ní ọ̀rúndún 19. Gbólóhùn yẹn ń ràn án lọ́wọ́ nígbà tó ń dáàbò bo bàbá rẹ̀, ó sì ń dá a lẹ́kun nígbà tó yẹ kó fi bàbá náà sílẹ̀. Aspect tí kò lè pa ẹni tó ni ín lára, bíi "Akíkanjú", ẹ dá a padà. Eléré kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fate point mẹ́ta, owó tó ń ná kí aspect lè ràn án lọ́wọ́, tó sì ń rí gbà nígbà tí GM bá fi aspect ta kò ó. Ọmọ ayò ni kí ẹ fi kà á. Bí GM bá gbàgbé láti lo aspect ta ko eléré, ọmọ ayò á tán nílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, eré á sì tutù. Ẹ̀ẹ̀kan fún eléré kọ̀ọ̀kan nínú ìpàdé ni ó kéré tán.

Ọ̀rọ̀ àṣírí wá kù, òfin yòówù kí ẹ mú. Bí ẹ bá fi dáìsì dí àmì mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60 nínú 100, ẹni tó máa rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tó 22 nínú 100. Ibẹ̀ ni ìtàn ti ń kú. Robin D. Laws ti yanjú rẹ̀ nínú òfin eré rẹ̀, GUMSHOE: ẹni tó bá ní ìmọ̀ tó yẹ, tó sì dé ibi tó yẹ, ẹ fún un ní àmì náà, ẹ má da dáìsì. Ẹ fi dáìsì sílẹ̀ fún ohun tó máa ná wọn láti lò ó.

ỌmọTákíé (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Eléré méjì ń fẹ́ Blades, méjì ń fẹ́ Fate. Báwo ni ká ṣe mú ọ̀kan láì jẹ́ kó dìjà?

Àkànní_Àkẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

Ẹ dán méjèèjì wò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìran kan náà, wákàtí kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: òru ni, àwọn ìlàrí wà nílé Sàmù, wọ́n fẹ́ kó sọ ohun tí Gáà bá a sọ, ìránṣẹ́ Gáà sì ń bọ̀ lọ́nà. Kí ẹnìkan máa kọ ọ́ sílẹ̀: ìṣẹ́jú mélòó kí dáìsì àkọ́kọ́ tó balẹ̀, ìgbà mélòó ni ẹ ṣí òfin wò, ta ló dákẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ má ka ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ sí. Ọwọ́ ṣì ń mọ òfin lára nígbà yẹn. Èyí tí ẹni tó máa ń dákẹ́ bá ti sọ̀rọ̀ jù ni kí ẹ mú.

Abẹ́ní_Ìlúpéjú

Aago Àkànní ń ṣiṣẹ́ nínú Fate náà, ẹ kàn gbé e wọ̀ ọ́ ni. Ẹ sì da òfin sílẹ̀ sórí fóònù kí iná tó lọ, kí ẹ kọ ohun tí dáìsì ń sọ sórí bébà kan fún eléré kọ̀ọ̀kan.