Ṣé òdòdó inú ìkòkò ló yẹ kí a fi owó yìí rà sí kíláàsì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí n'Íbàdàn. Àwọn òbí ti dáwó jọ láti ra òdòdó inú ìkòkò sí kíláàsì wa, kó lè fọ afẹ́fẹ́ mọ́, torí àwọn ọmọ ń wúkọ́.

Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà nísàlẹ̀ fèrèsé wa. Tí wọ́n bá ti tàn án, a ó ti fèrèsé, ooru á mú, àwọn ọmọ á máa tòògbé. Èyí tó ní asthma á di àyà mú.

Inú àpótí tí wọ́n sé pa ni NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, ti ṣe ìwádìí 1989 tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí pé òdòdó ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́, kì í ṣe inú yàrá bíi tiwa. Àgbéyẹ̀wò kan ní 2019 fi hàn pé ó kéré tán, ìkòkò 10 ni ó yẹ kó wà lórí mítà onígun mẹ́rin kan kí ó tó ṣe iṣẹ́ tí atẹ́gùn ojú fèrèsé ń ṣe. Ewé dumb cane, ọ̀kan lára àwọn òdòdó inú ìkòkò, sì ń mú ẹnu ọmọ wú bó bá jẹ ẹ́.

Lójú tèmi, jẹnẹrétọ̀ yẹn ni ká kọ́kọ́ bójú tó. Báwo ni mo ṣe lè sọ ọ́ fáwọn òbí tí kò ní dà bí àìmoore? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá aládùúgbò sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ta lẹ fi ṣe alárinà?