Bóòtù kọnrọ́ọ̀dù fẹ́ kan káàmù nínú Chevrolet 383

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì. Mo ń sọ ẹ́ńjìnì Chevrolet 350 di 383 (ìwọ̀n ẹ́ńjìnì ní íńṣì kúbíìkì), mo sì ti fi kiránkì (ọ̀pá tí àwọn písítìnì ń yí) tí ìrìn písítìnì rẹ̀ jẹ́ íńṣì 3.75 rọ́pò ti 3.48 tó bá a wá. Etí blọ́ọ̀kù nísàlẹ̀, níbi tí kọnrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kiránkì) ti lè kan án, ti yanjú, mo ti lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo de ṣéènì táímìn tí mo sì fọwọ́ yí kiránkì, orí bóòtù kọnrọ́ọ̀dù sílíńdà kejì fi íńṣì 0.035 péré jìnnà sí káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù), bẹ́ẹ̀ ó kéré tán, 0.050 ni mò ń wá. Mo fi amọ̀ rírọ̀ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, iye kan náà ni. Ṣé mo lè lọ èjìká kọnrọ́ọ̀dù àti orí bóòtù náà láìsọ wọ́n di aláìlágbára, àbí káàmù tí ìdí rẹ̀ (apá roboto tí kò yọ sókè) tín-ín-rín ni kí n rà?