Ọkọ̀ ìgbafẹ́ fún ọjọ́ ìbí Màmá: ṣé €38,000 yìí ni gbogbo owó náà?

Ọmọ Aláró Ìtòkú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó kó owó àwọn ọmọ ìyá mi dà sómi.

Màmá wa máa pé 70 ọdún lóṣù kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi rẹ àdìrẹ ní Ìtòkú níbí. Dòní olónìí, aró ò tíì kúrò léèékánná wọn. Àwa ọmọ márààrún ti sọ pé a ò ní gba gbọ̀ngàn kankan lọ́tẹ̀ yìí, kí àwọn tá ò mọ̀ rí máa wá jẹun, kí wọ́n sì tún máa bèèrè ike. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ló ní ká gba yacht, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, háyà fún ọ̀sẹ̀ kan, ká máa ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn lórí Òkun Mẹditaréníà. Gbogbo ohun tá a dá jọ jẹ́ €60,000.

Alágbàtà kan ti fi iye ránṣẹ́: €38,000 fún ọ̀sẹ̀ kan ní Croatia, tọkọ̀ tatukọ̀ talásè. Inú mi dùn. Mo ti ń ṣírò pé €22,000 tó kù á tó tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, á sì tún ṣẹ́kù fún ọjà rírà. Àfi bí mo ṣe wo ìsàlẹ̀ ìwé tí mo rí lẹ́tà tín-ín-tìn-ín: "+ VAT + APA". VAT, mo gbọ́. Kí ni APA?

Àwa 14 la ń lọ: Màmá, àwa ọmọ márùn-ún, àwọn ọkọ àti ìyàwó mẹ́rin, ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Mẹ́sàn-án nínú wa máa gbéra láti Abẹ́òkúta.

Ìyá Ìbejì Àsèrò
Ẹ kú oríire o, Màmá á pẹ́ fún yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ n bi yín, ẹ ti bi Màmá fúnra wọn? Owó yìí á kọ́lé sí Ọbáńtókò, á tún mọ fẹ́ǹsì yí i ká. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ o. Ó kàn dùn mí ni.

Atukọ̀ Ọmọ Ẹ̀gbá
Àǹtí wa, ẹ kú àpọ́nlé ìyá. Ọmọ Ìjemọ̀ ni mí, Palma ní Spéìn ni mo wà, ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú irú ọkọ̀ yìí.

Ẹ má bínú o, €38,000 yẹn kọ́ ni owó yín. Owó ọkọ̀ nìkan nìyẹn, pẹ̀lú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ àti inṣọ́ránsì ọkọ̀. Epo tí ọkọ̀ máa jó ò sí ńbẹ̀. Oúnjẹ tí alásè máa sè ò sí ńbẹ̀, alásè nìkan lẹ gbà. Ọtí, omi, owó èbúté tẹ́ ẹ bá sùn sí, kò sí ńbẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní APA. Ẹ máa kó o fún atukọ̀ ṣáájú kó máa bá yín ná an, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìdá 25 sí 35 nínú 100 owó ọkọ̀. Atukọ̀ á máa kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì, á sì dá ṣéńjì padà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀. Tó bá tán lọ́nà, ẹ máa fi kún un ni. Lójú mi ló ṣe tán lọ́jọ́ kẹrin. Ọkùnrin kan ló ní kí wọ́n máa sáré ṣáá, torí ó fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ fi fóònù ya omi tó ń fọ́n lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ńlá ń mu epo bí aláàwẹ̀ tó gbọ́ ìpè mọ̀ǹgàrí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Owó ọkọ̀, €38,000. VAT Croatia lórí ẹ̀ jẹ́ ìdá 13 nínú 100, €4,940. Ìyẹn gan-an rọjú, torí 20 ni ti Faransé, 21 ni ti Spéìn, 22 ni ti Ítálì. Ká fi APA sí 30, ó di €11,400. Ó ti di €54,340. Ẹ ò tíì fún àwọn òṣìṣẹ́ lówó ìdúpẹ́. Kò sófin tó ní dandan ni, ṣùgbọ́n ní Mẹditaréníà, 5 sí 15 nínú 100 ló wọ́pọ̀. Ẹ fi 10 sí i, €3,800. Gbogbo ẹ̀ wá jẹ́ €58,140, ẹ ò sì tíì kúrò ní Láfẹ́nwá.

Owó yẹn gan-an kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí. Ẹ ní ẹ jẹ́ 14. Yacht tí wọ́n fi ń ṣòwò kì í gbà ju èrò 12 lọ. Òfin ojú òkun káríayé ni. Tó bá ti di 13, ọkọ̀ akérò ni wọ́n máa kà á sí, òfin ẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Ọmọdé tó bá ti pé ọdún kan náà wà nínú iye yẹn. Ṣé alágbàtà yín mọ̀ pé ẹ jẹ́ 14?

Ọmọ Aláró Ìtòkú
Yéè! Bùọ̀dá, ó mọ̀. Èèyàn 12 ló kọ sínú ìwé, ó ní àwọn ọmọdé ò já mọ́ nǹkan kan, pé ká kàn má dárúkọ wọn.

Atukọ̀ Ọmọ Ẹ̀gbá
Ẹ sá fún un. Tí àwọn aláṣẹ ojú omi bá ka orí yín, tí wọ́n bá a pé ẹ lé, ibẹ̀ ni ìrìn àjò parí sí. Tí nǹkan bá sì ṣe ẹnikẹ́ni, inṣọ́ránsì ò ní sanwó. Ẹni tó lè ní kẹ́ ẹ fi ọmọ pa mọ́ nítorí owó, kí ló tún kù tí kò ní fi pa mọ́ fún yín?

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ ìyá mi ni pé màá béèrè gulet. Ọkọ̀ onígi ńlá ni, ó gbòòrò nídìí, wọ́n pọ̀ ní Croatia àti Tọ́kì. Òmíràn ní yàrá mẹ́jọ, ó sì níwèé láti kó ju èrò 12 lọ. Kò yá bíi yacht, kò sì dán gbinrin bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹ̀ ní àga àti tábìlì tí gbogbo ẹbí lè jókòó yí ká. Ìṣírò ẹ̀ náà yàtọ̀. Epo wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ sábà máa ń wà nínú owó, oúnjẹ ni wọ́n máa ń ka orí fún. Wákàtí mẹ́rin sì tó. Láti ìlú Split sí erékùṣù Brač, nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú ni fẹ́rì ń lò. Láti ibẹ̀, Hvar, Vis, Korčula, Mljet, títí dé Dubrovnik, wọ́n tẹ̀ léra bíi ìsọ̀ ọjà.

Oṣù kẹsàn-án tẹ́ ẹ mú dára. Omi ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, owó sì ti wálẹ̀ sí ti oṣù keje àti ìkẹjọ. Ká ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ lẹ ní ẹ ń lọ sí àwọn erékùṣù Cyclades ní Gíríìsì ni, mi ò bá ti pariwo, torí ẹ̀fúùfù Meltemi ibẹ̀ lè dá ọkọ̀ dúró fún ọjọ́ mélòó kan.

Àǹtí Físà Òkè-Ìlẹ̀wó
Ẹ má sáré fọwọ́ síwèé o. Croatia ti wọ Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan ṣoṣo, láti January 1, 2023. €90 ni físà àgbàlagbà, €45 ni ọmọ ọdún 6 sí 11, ọ̀fẹ́ ni tí kò bá tíì pé 6. Inṣọ́ránsì ìlera tó tó €30,000 ó kéré tán, lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọn ò ní gba fọ́ọ̀mù físà lọ́wọ́ yín tó bá ju oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò lọ, nítorí náà oṣù kẹta lẹ máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Houston ńkọ́? Tó bá jẹ́ gíríìn káàdì ló ní, tó ṣì ń lo pásípọ́ọ̀tù wa, òun náà máa gba físà.

Ìdajì owó ọkọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ síwèé, ìdajì tó kù ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú. Tí wọ́n bá wá kọ físà ẹnì kan, ẹjọ́ yín nìyẹn, ọkọ̀ ò ní dá kọ́bọ̀ padà. Ẹ béèrè kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ físà sínú àdéhùn. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ wá ọkọ̀ míì.

Bàbá Kékeré Láfẹ́nwá
Mo sanwó fún aṣojú kan nígbà kan, fún ìrìn àjò míì. Orúkọ iléeṣẹ́ ló wà lórí ìwé, orúkọ èèyàn ló wà lórí àkáǹtì. Mo rí i, mo sì tún san án. Títí di ìsinsìnyí, fóònù ẹ̀ ò wọlé.

Atukọ̀ Ọmọ Ẹ̀gbá
Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ó tọ́ kí n sọ pé olówó ọkọ̀ ló ń san owó alágbàtà, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú owó fọ́ọ̀mù wá, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Àǹtí, orúnkún Màmá ńkọ́? Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n máa ń tì láti ìdí ọkọ̀ sí èbúté. Bí omi bá ṣe ń mí ló ń lọ sókè sódò. Ẹ béèrè bóyá ó ní ohun ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ sọ fáwọn ìyàwó ilé pé bàtà ò wọ ọkọ̀, apẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n máa ń kó o sí. Kẹ́ ẹ sì kó ẹrù sínú báàgì tó ṣeé ká, torí yàrá ò ní àyè fún àpótí líle.

Ìyá Ọlọ́fàdà Kútọ̀
Kí ni Màmá máa jẹ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan?

Atukọ̀ Ọmọ Ẹ̀gbá
Fọ́ọ̀mù kan máa wá fún yín láti kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ àtohun tẹ́ ẹ ò fẹ́. Ẹ má kọ "ata díẹ̀" síbẹ̀, díẹ̀ tiwọn ò tó ẹnu ọmọdé. Ẹran, pọ̀nmọ́, wàràkàṣì, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà kẹ́ ẹ mú ẹja wá, tútù tí wọ́n ti kó ìfun ẹ̀ jáde tàbí gbígbẹ, títí dé kílò 20 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Aláró Ìtòkú
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti rí gulet oníyàrá mẹ́jọ lọ́wọ́ alágbàtà míì. €27,000, VAT ti wà nínú ẹ̀. Oúnjẹ àárọ̀ àti ọ̀sán €550 lórí ẹnì kan, ó jẹ́ €7,700 fún àwa 14. Mo fi €2,700 owó ìdúpẹ́ lé e. €37,400. Ó ku €22,600 fún tíkẹ́ẹ̀tì, físà àti oúnjẹ alẹ́ tá a máa jẹ lórí ilẹ̀. Pákó ẹ̀ ní ohun ìdìmú, mo ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́.

Mo bi Màmá lánàá, Ìyá Ìbejì. Wọ́n ń tú okùn lára aṣọ kan, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Tó bá sú mi, ṣé wọ́n á sọ̀ mí kalẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lálaalẹ́ ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀. Wọ́n ní kó burú.

Ìyá Ìbejì Àsèrò
Yàrá mẹ́jọ, èèyàn mẹ́rìnlá. Àyè méjì ṣẹ́ kù nìyẹn o. Mò ń lọ wá pásípọ́ọ̀tù mi.