Omi táǹkì wa ń rùn, ara rẹ̀ sì ń yọ̀: kí ni kí n ṣe?

Ìyá Tómi, Adó-Èkìtì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo bá bu omi láti fi fọ ìrẹsì, tí òórùn bíi ti ẹja tútù ń ti inú ẹ̀ jáde. Táǹkì dúdú oní 1,000 lítà ni, lórí ìdúró onírin lẹ́yìn ilé wa ní Òkè-Ìlà. Omi bọ́hóòlù la ń fà sí i. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tó ti wà níbẹ̀, a ò sì ṣí i wò rí, mi ò ní purọ́. Àná ni ọmọ mi gun àkàbà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ̀. Ara táǹkì ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ewédú, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa wà nísàlẹ̀, òkú ọmọńlé kan sì léfòó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bì. Omi tí à ń mu nìyẹn! Baálé mi ní kí n da álọ́ọ̀mù sí i, pé ó ti parí. Aládùúgbò wa ní kí n da odindi ike háípò kan sí i lójú ẹsẹ̀. Èwo ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín, ọ̀pọ̀ wa ni kì í gòkè wò. Àmọ́ álọ́ọ̀mù kọ́ o. Ó máa kó ìdọ̀tí jọ sísàlẹ̀, omi á mọ́ lójú, kòkòrò inú ẹ̀ á sì wà láàyè. Ẹ má mu ún mọ́ ná.

Púlọ́ńbà Àjílósun
Màmá Tómi, ẹ má tíì fọwọ́ kan háípò. Òun ni gbogbo ènìyàn máa ń sáré mú, òun ló sì yẹ kó gbẹ̀yìn. Bẹ́ ẹ bá dà á lé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lórí, ìdọ̀tí ni yóò jẹ agbára ẹ̀ tán, kòkòrò tó sá sábẹ́ ẹ̀ á kàn máa wò yín.

Ẹ pa pọ́ḿpù, ẹ jẹ́ kí omi inú ẹ̀ ṣàn tán. Páìpù tó ń gbé omi wọlé kì í wà nísàlẹ̀ pátápátá, nítorí náà gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á ṣẹ́kù. Ẹ bù ú, kẹ́ ẹ fi fóòmù nù ún. Ẹ má gbìyànjú láti yí táǹkì dànù nígbà tí omi ṣì wà nínú ẹ̀ o: omi 1,000 lítà, 1,000 kílò ni. Ojú mi ni ọ̀kan ṣe já bọ́, ògiri ìdáná ló wó lé.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́. Kó má jẹ́ onírin, torí ibi tó bá ha lára ike, ibẹ̀ ni ohun tó ń yọ̀ yẹn á tún fi ṣelé. Ẹ ṣàn án títí ọṣẹ á fi tán. Ìgbà yẹn ni ó wá kan háípò. Ẹ ka ara ike ẹ̀: bí wọ́n bá kọ 3.5%, lítà kan àtààbọ̀ ló tó fún 1,000 lítà omi. Bó bá jẹ́ 5%, lítà kan. Kó má jẹ́ èyí tó ní lọ́fínńdà. Ẹ dà á sí i nígbà tí omi bá dé ìlàjì, kó lè pò dáadáa, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó kún. Ẹ ṣí táàpù ilé lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi gbóòórùn háípò níbẹ̀, kẹ́ ẹ tì í. Ó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó dà á nù. Ẹ má dà á sórí ẹ̀fọ́ o.

Ìyá Tómi
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kí ọmọ mi wọ inú ẹ̀ fọ̀ ọ́? Ó tẹ́ẹ́rẹ́.

Nọ́ọ̀sì kan, Ìfàkì
Rárá o, ìyá wa! Ẹ so búrọ́ọ̀ṣì mọ́ igi gígùn, kó máa fọ̀ ọ́ láti ẹnu táǹkì. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ kì í tó. Bí háípò bá ti wọ ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ki orí bọ̀ ọ́. Ẹ má sì pò ó mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá. Èéfín tó máa ń jáde níbẹ̀ lè pààyàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Bàbá Ẹ̀fọ̀n
Gbogbo yín ń fọ táǹkì, ta ló bi ọmọńlé pé ibo ló gbà wọlé? Ẹ wo ìdérí, ẹ wo páìpù tí omi ń gbà jáde bó bá kún. Ihò kan wà níbẹ̀. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, kẹ́ ẹ fi wáyà dè é. Ní ilé tèmi, tanwíjí la kọ́kọ́ rí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin ẹ̀fọn á ti di ẹ̀fọn. Àṣé àwa fúnra wa là ń sìn wọ́n!

Ìyá Tómi
Ẹ̀yin ará ilé, mo tún dé. A fọ̀ ọ́ ní Sátidé, ó mọ́ tónítóní, a da háípò sí i. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, omi ti pọ́n bíi tíì! Kí la ṣe?

Púlọ́ńbà Àjílósun
Ẹ má bẹ̀rù. Irin ló wà nínú omi bọ́hóòlù yín. Ó máa ń mọ́ gaara tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tàbí háípò bá kàn án ni irin á dípẹtà, á pọ́n, á rọ̀ sísàlẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa ọjọ́sí náà nìyẹn. Ẹ dà á nù, ẹ ṣàn án, kẹ́ ẹ fa tuntun. Ṣùgbọ́n tiyín ò gbọdọ̀ pé ọdún mẹ́rin mọ́ o. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún.

Ìyá Tómi
A ti ṣe é, omi ti mọ́. Òórùn ẹja ti lọ. Ti háípò ṣì kù fírífírí. Baálé mi tó ní kí n da álọ́ọ̀mù sí i ló kọ́kọ́ bu ife kan mu, ó ń mi orí. A ti so nẹ́ẹ̀tì. Ìdérí ló kù, ó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, òkúta ni mo gbé lé e báyìí. Ta ló mọ ẹni tó ń ta ìdérí nìkan ní Ọjà Ọba?

Púlọ́ńbà Àjílósun
Ẹ fi okùn wọn ẹnu táǹkì kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Ìdérí táǹkì kì í bára mu.