Àjọ ìyá mi ni mo fi ra epo

Olómi Kànga:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹnìkan béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni ká sọ fún ọmọ tó bá ní òun fẹ́ di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìdáhùn pọ̀. Wọ́n dárúkọ sikọ́láṣíìpù, wọ́n dárúkọ ìlú òyìnbó, wọ́n ní kí ọmọ múra sí ìṣirò. Kò sẹ́ni tó dárúkọ owó. Mo wá ní kí n fi tèmi lélẹ̀, kí ẹ̀yin náà fi tiyín lé e: iye tó jẹ́ gan-an, àti ẹni tó san án.

Tèmi jẹ́ ₦180,000. Ìyá mi ló san án.

Mo mọ̀ pé owó tí ẹlòmíì fi ṣe ọjọ́ ìbí nìyẹn. Ẹ ní sùúrù.

Omi kànga ìgboro Ìbàdàn ni mo fi ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi: Bẹ́ẹ̀rẹ̀, Òjé, títí dé ìsàlẹ̀ Mápó. Mo máa ń fa omi, mo máa ń wá kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀, pàápàá E. coli tí oògùn kò ràn mọ́. Ṣé ẹ mọ ampiclox tí gbogbo wa ń rà lọ́wọ́ oníkẹ́mísì bí ẹni ń ra gúgúrú? Àwọn kòkòrò kan wà nínú kànga wọ̀nyẹn tó jẹ́ pé bí ẹ da ampiclox lé wọn lórí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ọmọ ni wọ́n á máa bí. Igo kéékèèké 312 ni mo kó wọn sí, nínú firísà ẹ̀ka wa ní yunifásítì. Bí inú firísà bẹ́ẹ̀ bá yọ́, tó dì, tó tún yọ́, kíkú ni wọ́n á máa kú díẹ̀díẹ̀. Mi ò sì lè padà lọ fa omi ọdún 2019 nínú kànga ọdún 2022.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ yunifásítì, gùn lé ìyanṣẹ́lódì. Oṣù kan ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe já sí: ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Ìjọba ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gbowó, owó oṣù sì dáwọ́ dúró. Mi ò bá ẹgbẹ́ jà o. Àdéhùn ọdún 2009 tí ìjọba bá ẹgbẹ́ ṣe, tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ jà, èmi náà ń retí ẹ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n kòkòrò ò mọ ASUU.

Iná NẸ́PÀ ò ṣeé gbára lé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wà ní ẹ̀ka wa, epo ni kò sí. Ìgbà yẹn gan-an ni epo tí methanol pọ̀ jù nínú ẹ̀ wọ ìlú, ìlà gùn dé títì ní ilé epo, àwọn tó ń ta epo inú kẹ́ẹ̀gì sì ń pe iye tó bá wá sí wọn lẹ́nu. Nígbà tó rọlẹ̀, ₦165 ni lítà kan. Lítà márùn-ún lójúmọ́ ni mò ń rà: a ó tan jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀, a ó tún tàn án nírọ̀lẹ́. ₦825 lóòjọ́, Sátidé àti Sọ́ńdè kò yọ sílẹ̀. Ẹni tí kò gbowó oṣù ló ń ra á.

Èlùbọ́ ni Màámi ń tà ní Bódìjà. Àwọn mẹ́wàá ló jọ ń dá àjọ, oṣù kẹrin sì ni tiwọn bọ́ sí. Òrùlé wọn ń jò. Wọ́n ti bá kápẹ́ńtà sọ̀rọ̀. Mo dé ọ̀dọ̀ wọn lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ní mo fẹ́ yá owó epo. Wọ́n ní, "O ti ra mọ́tò?" Mo ní rárá, mo ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́ lọ títí. Wọ́n wá ní, "Kòkòrò tí a ò lè fojú rí, òun ló ń mu lítà márùn-ún lójúmọ́?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bí wọ́n bá kú ńkọ́?"

"Ọdún mẹ́ta mi ló kú yẹn."

Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé owó náà jáde nínú ọ̀rá èlùbọ́. Ọmọ ilé epo kan máa ń gbọ́ òórùn owó tí mo bá fún un, á wò mí, á tún gbóòórùn ẹ̀.

Òjò ọdún yẹn rọ̀ sórí ibùsùn Màámi. Abọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbè é. Bí mo bá sùn síbẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ lóru: tó, tó, tó. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ó sàn ká ní wọ́n sọ ọ́.

Nínú oṣù kẹfà, ibà gbé mi dè fún ọjọ́ mẹ́rin, máìgádì tó ń bá mi tan jẹnẹrétọ̀ sì ti lọ sílé. Igo 38 bá a lọ. Èyí tó kù ni mo fi parí iṣẹ́.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Ọmọ Ẹ̀gbá:

Dókítà, ẹ kú ìfaradà. Tèmi kì í ṣe owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wà níbẹ̀. Amẹ́ríkà ni mo wà, mo ti gba ọ̀mọ̀wé, mò ń ṣe postdoc. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ọ̀mọ̀wé ni ẹ, o ṣì ń jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Iye tí NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sí ìwádìí ìlera, fi lélẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023 ni $56,484 lọ́dún. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kúrò ní Abẹ́òkúta ń wa tírélà. Òun ló ń yá mi lówó.

Bàbá mi kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà yẹn. Físà inú pásípọ́ọ̀tù mi ti kọjá ọjọ́. Bí ẹ bá wà nínú Amẹ́ríkà, tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ yín pé, kò sí wàhálà. Ẹ jáde báyìí, ó di Èkó, ẹ lọ tọrọ físà tuntun kí ẹ tó lè padà wọlé. Lẹ́yìn kòrónà, ọjọ́ tí wọn yóò pe ènìyàn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò jìnnà réré. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní kí n máa lọ, òun á dúró dè mí. Ènìyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí mò ń tọ́ nínú abọ́ kò lè dúró de ẹnikẹ́ni, ọjọ́ méjì méjì ni wọ́n ń jẹun. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá jáde tí físà kò bọ́ sí i, ọdún márùn-ún ti wọ omi.

Mi ò lọ.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọ́n sin wọ́n nílé, aago mẹ́rin òru ni lọ́dọ̀ mi. WhatsApp ni mo fi wò ó. Èmi ni àkọ́bí. Nígbà tó kan kí ọmọ da erùpẹ̀, àbúrò mi bẹ̀rẹ̀, ó bu ti ẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì sì já. Ọjọ́ kejì ni ìyàwó ẹ̀ tó sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mejì ló bu erùpẹ̀, pé ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́: "Èyí ni tèmi. Èyí ni ti bọ̀ọ̀dá mi."

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo lọ fún sẹ́ẹ̀lì lóúnjẹ.

Àbúrò bàbá mi obìnrin pè mí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ẹni ọmọ sin ló bímọ," wọ́n sì béèrè bóyá òtútù ti ń mú lọ́dọ̀ wa.

Alákàrà Òyìnbó:

Èmi fi í sílẹ̀ ní tèmi. Másítà nínú kẹ́mísìtìrì, ọdún mẹ́rin láìríṣẹ́. Kéèkì ni mò ń ṣe báyìí, owó ń wọlé, ẹ má káàánú mi. Àmọ́ mo ṣì máa ń wọn ìyẹ̀fun dé orí gíráàmù kan, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì rò pé ahun ni mí.

Bàbá Ire:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba èmi náà láyè. Èmi kọ́ ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìyàwó mi ni. Dókítà ní ká sọ ẹni tó san án. Èmi rèé.

Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Ní ọdún 2022, ìyàwó mi rí àyè ọ̀mọ̀wé gbà ní Bìrìtìkó, pẹ̀lú owó ìtọ́jú UKRI, àjọ ìjọba ibẹ̀ tó ń náwó sí ìwádìí, £17,668 lọ́dún. A ṣe ìṣirò rẹ̀ sí náírà, a jó. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé pọ́n-ún ni a ó máa ná níbẹ̀, kì í ṣe náírà.

Kí á tó gbéra rárá, owó ìlera tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò wà níbẹ̀: £470 lọ́dún nígbà yẹn lórí akẹ́kọ̀ọ́, iye kan náà lórí ọkọ, iye kan náà lórí ọmọ. Gbogbo ọdún tí ẹ máa lò ni ẹ máa san lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa mẹ́ta fún ọdún mẹ́rin, ó lé ní £5,600, owó físà kò tíì sí nínú ẹ̀. Mo ta Corolla mi. Mo ta ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì tí mo ní n'Íkòròdú. Ẹni tó rà á ti kọ́ ilé sí i. Ẹnìkan fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láì béèrè.

Àwọn ẹbí mi ní, "Ìwọ ọkùnrin, ìwọ lò ń tẹ̀lé obìnrin lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀?" Mo dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tí wọ́n ń pè ní kíà, ni mò ń ṣe báyìí, iṣẹ́ alẹ́. Àgbàlagbà ni mò ń wẹ̀, tí mò ń yí ní ibùsùn. Alẹ́ àkọ́kọ́, mo padà délé, mo jókòó sínú balùwẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Ìyàwó mi kan ilẹ̀kùn, kò sọ nǹkan, ó gbé tíì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti lábù dé ni. Bí a ṣe ń gbé ilé nìyẹn: bí mo bá ń wọlé, òun ń múra àtijáde.

Mi ò kábàámọ̀. Ẹ̀dùn ọkàn mi kan ni pé ó parí ìwé ẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójú ewé kẹta, ẹ̀rọ wọn sì ti yọ gbogbo àmì ohùn orí orúkọ mi. Ẹlòmíì ló dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Tíṣà Fíṣíìsì:

Mo ti ń ka gbogbo yín láti àárọ̀. Ẹ máa bínú sí mi díẹ̀.

Mo ń kọ́ Fíṣíìsì ní girama, ọdún kọkàndínlógún mi rèé. Èmi náà rí àyè másítà lẹ́ẹ̀mejì, owó ni ò jẹ́ kí n lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá tó ní àjọ, tí ẹ ní ọkọ tó ní ilẹ̀ tí yóò tà, ẹ rí nǹkan fi rúbọ. Ẹni tí kò ní àgùntàn, kí ni yóò fà wá síbi ẹbọ? Ẹ jẹ́ ká máa rántí àwọn tí kò dé ibi tí wọ́n ti ń ka iye tó ná wọn.

Mo sì fẹ́ fi kan kún un. Torí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí, onímọ̀ ẹ̀rọ ti Yunifásítì Èkó, ni mo ṣe ka Fíṣíìsì. Bàbá mi máa ń sọ ìtàn ọkọ̀ rẹ̀ fún wa, Autonov 1, ọkọ̀ jíìpù tó tún ṣe tó fi lè fi gbogbo jíà sáré síwájú àti sẹ́yìn bákan náà. Ọdún 1984 ni Awójọbí kú, ẹni ọdún 47. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé arúgbó ni. Ọdún 46 ni mo pé lóṣù tó kọjá. A máa ń pa ìtàn irú wọn fún ọmọ bíi pé wọn kò jẹun, bíi pé kò sí ẹni tó ń sanwó ilé. Bí mo bá sọ ọ́ fún ọmọ kíláàsì mi báyìí, mo máa ń bi wọ́n pé: ta ló ra irin tó fi ṣe é? Wọn kì í mọ ohun tí wọn á sọ. Èmi náà ò mọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá:

Tíṣà, ẹ ò ṣẹ̀ wá. Òótọ́ ni.

Olómi Kànga:

Tíṣà, ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbà. Mi ò rò ó dé ibẹ̀ rí.

Àwọn kan béèrè ní kọ̀rọ̀ bóyá mo dá owó Màámi padà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìjọba fọwọ́ sí i ní ọdún 2023 pé kí wọ́n san owó oṣù mẹ́rin nínú mẹ́jọ tí wọn kò san nígbà ìyanṣẹ́lódì. Tèmi wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ọjọ́ kejì ni mo ti gbé ₦180,000 lọ sí Bódìjà. Ìtìjú ló ń ṣe mí bí mo ṣe ń lọ, torí owó tí Màámi fún mi lè ra lítà epo tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní ọdún 2022, èyí tí mo gbé lọ́wọ́ kò lè ra ọ̀ọ́dúnrún. Páànù ńkọ́? Mo ti bi kápẹ́ńtà. Kò tó ìdajì òrùlé.

Màámi nu ọwọ́ sí ìró, wọ́n gbà á, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì níwájú oníbàárà. Wọ́n yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún nínú ẹ̀, wọ́n nà án sí mi.

Mo ní, "Kí ni tèyí, mà?"

Wọ́n ní, "Àwọn nǹkan rẹ yẹn. Ṣé wọn ò tíì kú?"

Mo ní wọ́n wà láàyè.

"Kí lo wá ń wò? Ra epo fún wọn."