"Ẹ̀jẹ̀ funfun" kọ́ ni WBC

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá "ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ funfun" fún ohun tí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń pè ní WBC, ìyẹn iye sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, orúkọ yìí yóò ṣi àwọn èèyàn lọ́nà.

Bí nọ́ọ̀sì kan l'Ádó-Èkìtì bá sọ pé, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ funfun yín ti wálẹ̀," ohun tí màmá máa gbọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ kò tó lára òun. Ó di oògùn ẹ̀jẹ̀, ó di omi ewé ugwu tí wọ́n po mọ́ mílíìkì. Bẹ́ẹ̀, PCV, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀, ló ń fi àìtó ẹ̀jẹ̀ hàn. Iṣẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni láti mú sẹ́ẹ̀lì funfun pọ̀ sí i. "Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀" ni tèmi. Àti ọmọ Adó tó ń pe ilé ní ulé, àti ará Ọ̀yọ́, gbogbo wọn ló ti gba "sẹ́ẹ̀lì".

"Ìwọ̀n" náà kọ́, "iye" ni. Kíkà ni wọ́n ń kà á. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ, wọ́n á po ẹ̀jẹ̀ mílílítà 0.02 mọ́ omi Turk 0.38, ásíìdì inú rẹ̀ á fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa dànù. Wọ́n á gbé e sórí gíláàsì Neubauer, èyí tí wọ́n fa ìlà sí fún kíkà, lábẹ́ maikirosikóòpù, wọ́n á ka sẹ́ẹ̀lì tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á wá sọ ọ́ di ìlọ́po 50. Bí wọ́n bá ka 120, ó di 6,000 nínú maikirolítà kan. Ẹ̀rọ lè kọ ọ́ ní 6.0 × 10⁹/L. Ọ̀kan náà ni. Fún àgbàlagbà, gbèdéke ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò kò jìnnà sí 4,000 sí 11,000.

Ibi tó yẹ ká ti jà gan-an ni "ìdá" àti "iye". Ìwé kan náà á kọ neutrophil, ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì funfun kan, ní 60, ìyẹn 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú sẹ́ẹ̀lì funfun 10,000, ó jẹ́ 6,000. Nínú 2,000, ó di 1,200 péré. Ìdá kò yí padà, àmọ́ ìtumọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ká má sì gbàgbé pé iye neutrophil ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú lè wà lábẹ́ 1,500 láìsí àìsàn kankan, nítorí àbùdá kan tó ń jẹ́ Duffy tí wọ́n bí mọ́ wọn.

"Sójà ara" dára fún àlàyé lórí rédíò, kò dára fún orúkọ. Ẹni tí sójà tirẹ̀ di 80,000 á rò pé ara òun le koko, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ sì lè wà nídìí ẹ̀.

*Èsì ẹ̀gbọ́n:*

Àbúrò, mo gba "iye", mo sì ju "ẹ̀jẹ̀ funfun" nù. Ṣùgbọ́n orúkọ tìrẹ gùn. "Sẹ́ẹ̀lì funfun" tó. Kí la ó wá pe èyí: lára ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ̀rọ lè ka ọ̀dọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa tó ṣì ní kókó (nucleus) nínú mọ́ funfun. Bí 20 irú ẹ̀ bá wà fún 100 funfun, 12,000 tí ẹ̀rọ kọ, 10,000 ni, torí 100 péré nínú 120 ni funfun. Ṣé "iye àtúnṣe" ni ká pè é? Wọ́n á ní a fọwọ́ yí èsì. "Iye àyọkúrò" ni mo rí.