Humboldt tàbí Marie Curie: èwo ló yẹ kó ṣíwájú fún onífísíìsì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Físíìsì ni mo ṣe, DFT (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń ṣe nínú ohun èlò) lórí perovskite, irú kírísítálì kan tí wọ́n fi ń ṣe sólà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Jámánì ti ṣe tán láti gbà mí.

Ìgbàkigbà láàárín ọdún ni Humboldt, owó ìrànwọ́ ìwádìí ti Jámánì, ń gba ìwé, àmọ́ ní ìpele postdoc (àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba PhD), kò gbọdọ̀ tíì ju ọdún 4 lọ tí èèyàn ti gba PhD. Marie Skłodowska-Curie, owó ìrànwọ́ ìwádìí ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, fàyè gba ọdún 8 ìwádìí lẹ́yìn PhD, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n sì máa ń parí gbígba ìwé. Ibi tó ti ta kókó rèé: láàárín oṣù 36 ṣáájú ọjọ́ ìparí, èèyàn kò gbọdọ̀ ti gbé tàbí ṣiṣẹ́ ju oṣù 12 lọ ní orílẹ̀-èdè tó fẹ́ lọ. Bí mo bá fi Humboldt lo oṣù 24 ní Jámánì, Marie Curie ní Jámánì kan náà ti bọ́ nìyẹn. Ṣé kí n kọ́kọ́ gbìyànjú Marie Curie, kí n fi Humboldt ṣe àtìlẹ́yìn? Àbí kí n lo Humboldt, kí n wá gbé Marie Curie lọ sí Ítálì?

Èkejì: átọ̀mù bíi 200 ni mo ń ṣírò lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà kékeré kò lè gbé e. Ṣé kí ọ̀jọ̀gbọ́n dárúkọ kọ̀ǹpútà ńlá wọn àti wákàtí tí mo máa rí lò nínú lẹ́tà rẹ̀, àbí kí n kọ ọ́ sínú àbá ìwádìí olójú ìwé 10 ti Marie Curie? Àyè ibẹ̀ há púpọ̀.